Kí Ẹ Tó Ra Láptọ́ọ̀pù Tòkunbọ̀: Bí Ará Àkókó Ṣe Lè Mọ Ẹ̀rọ Tó Bá Linux Mu

Láti Àrìgìdì títí dé Ìkàrẹ́, láti Òkè-Àgbè títí dé Ọ̀kà àti Àkùngbá, kọ̀ǹpútà alágbèéká, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní láptọ́ọ̀pù, ti kúrò ní ohun ìgbádùn àwọn olówó. Ọmọ tó bá wọ Yunifásítì Adékúnlé Ajásin tó wà ní Àkùngbá-Àkókó, tàbí Pólì Rufus Gíwá tó wà nílùú Ọ̀wọ̀, yóò fi forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́, yóò fi ṣe iṣẹ́ tí olùkọ́ gbé fún un, yóò sì fi kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ kó tó lè gba oyè. Olùkọ́ ń fi ṣètò ìbéèrè ìdánwò. Akọ̀wé ìjọ àti ti mọ́sálásí ń fi tẹ ìwé ìkéde. Ọ̀dọ́ tí kò rí iṣẹ́ ìjọba ń fi wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

Owó ló wá di ìṣòro. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là Amẹ́ríkà kan kò tíì tó 500 náírà ní iye tí ìjọba fi ń ṣẹ́ ẹ. Láàárín oṣù náà ni Báǹkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà tú náírà sílẹ̀ pé kí ọjà máa sọ iye rẹ̀, nígbà tí yóò sì fi di oṣù kejì ọdún 2024, dọ́là kan ti kọjá 1,500 náírà. Nítorí pé òkè òkun ni láptọ́ọ̀pù tàbí àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ ti ń wá, bí dọ́là ṣe gòkè ni owó rẹ̀ náà gòkè. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi kẹ̀yìn sí tuntun, tí wọ́n kọjú sí tòkunbọ̀.

Ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ ju tòkunbọ̀ lọ. Owó tí bàbá kan fi odidi àkókò kòkó kó jọ lè bọ́ sómi láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó bá lò níwájú ọlọ́jà, bí kò bá mọ ohun tó yẹ kó wò. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò lè fi owó tí kò pọ̀ ra ẹ̀rọ tí yóò sin ọmọ rẹ̀ títí yóò fi jáde ní yunifásítì, pàápàá bó bá jẹ́ Linux ló fẹ́ lò lórí rẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Kí ni Linux?

Bí mọ́tò kò ṣe lè rìn láìsí awakọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ètò kan tí yóò máa darí rẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ni Windows tí ilé iṣẹ́ Microsoft ń ṣe. Linux náà jẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1991, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki. Iṣẹ́ rẹ̀ pàdé èyí tí Richard Stallman, ọmọ Amẹ́ríkà, ti ń ṣe bọ̀ láti ọdún 1983 lábẹ́ orúkọ GNU, méjèèjì sì di ọ̀kan. Àṣẹ tó rọ̀ mọ́ ọn ni pé ẹnikẹ́ni lè lò ó, kó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kó sì tún un ṣe bó ṣe wù ú, láì san owó àṣẹ fún ẹnikẹ́ni.

Linux kì í ṣe àjèjì ní Àkókó. Android tó wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù tí à ń lò, orí Linux ni wọ́n gbé e kà. Èyí tí wọ́n ṣe fún kọ̀ǹpútà ló ní oríṣiríṣi ẹ̀yà. Debian bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1993. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2004 ni Ubuntu jáde, Mark Shuttleworth, ọmọ ilẹ̀ South Africa, ló sì dá a sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn ìhà gúúsù Áfríkà ni ubuntu, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ohun tí àwa ń pè ní ìwà ọmọlúàbí: pé ènìyàn ló ń mú ènìyàn jẹ́ ènìyàn. Láti ara Ubuntu ni wọ́n ti ṣe Linux Mint lọ́dún 2006, èyí tí ojú rẹ̀ jọ ti Windows, tí kì í sì í ṣòro fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìsinsìnyí?

Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú tó ń ṣe fún Windows 10 dúró. Èyí tó rọ́pò rẹ̀, Windows 11, kò gba gbogbo ẹ̀rọ. Ó fẹ́ ẹ̀rọ tí ọpọlọ rẹ̀ bá jẹ́ ti Intel ìran kẹjọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí èyí tó bá a dọ́gba láti ọ̀dọ̀ AMD, ó sì fẹ́ ẹ̀yà ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ló ní láptọ́ọ̀pù tó ṣì lágbára, tí kò ní àléébù kankan, àmọ́ tí Windows 11 kò gbà.

Irú àwọn ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ lo Windows tó bóde mu kò gbọdọ̀ rà wọ́n. Ṣùgbọ́n Linux gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì ń fún wọn ní àtúnṣe ààbò lọ́fẹ̀ẹ́ bí ó ṣe ń fún ẹ̀rọ tuntun. Ẹ̀rọ tí ọlọ́jà bá ń ta ní ọ̀pọ̀ nítorí pé kò gba Windows 11 lè jẹ́ ìbùkún fún ẹni tó fẹ́ lo Linux. Ohun kejì ni pé ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ló ń wọ ọjà pẹ̀lú Windows tí wọ́n jí àṣẹ rẹ̀ lò, ibẹ̀ sì ni kòkòrò kọ̀ǹpútà máa ń gbà wọlé. Ẹni tó bá lo Linux ti bọ́ nínú ìyẹn.

Nàìjíríà ti tọ́ ọ wò rí

Ọ̀rọ̀ láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú tó ń lo Linux kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orílẹ̀-èdè yìí. Lọ́dún 2007, wọ́n fi láptọ́ọ̀pù kékeré aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n ń pè ní XO, èyí tí ètò One Laptop per Child láti Amẹ́ríkà ṣe fún àwọn ọmọdé, dánwò nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Galadima, nílùú Abùjá. Linux ló wà lórí rẹ̀.

Ní ọdún kan náà, ilé iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé kéde pé Nàìjíríà ti pàṣẹ fún 17,000 láptọ́ọ̀pù Classmate tí Intel ṣe, pẹ̀lú Linux ti Mandriva lórí wọn, fún àwọn ilé ẹ̀kọ́. Kò pẹ́ ni ìròyìn jáde pé wọ́n fẹ́ yọ Linux kúrò kí wọ́n fi Windows rọ́pò. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 2007, François Bancilhon tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Mandriva kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Steve Ballmer tó ń darí Microsoft nígbà náà, ó sì fi ẹ̀hónú rẹ̀ hàn. Lẹ́yìn náà ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó ìbánisọ̀rọ̀ fún gbogbo ènìyàn, èyí tí ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ USPF, sọ pé Linux náà ni wọn yóò ṣì lò lórí àwọn tí òun sanwó fún.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tó bá wà lórí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tí ẹ rà á kọ́ ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ títí. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ló ni yíyàn.

Orúkọ tó yẹ kẹ́ ẹ máa wò

Láptọ́ọ̀pù pín sí ọ̀nà méjì pàtàkì: èyí tí wọ́n ṣe fún lílò nílé, àti èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Èyí tí wọ́n ṣe fún ilé iṣẹ́ ló dára jù fún ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀. Ara rẹ̀ le, ẹ̀yà rẹ̀ ṣeé tú, ṣeé pààrọ̀, ó sì pọ̀ lọ́jà nítorí pé ilé iṣẹ́ kan lè tú ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń ṣe Linux pàápàá ń lo irú wọn, èyí ló sì jẹ́ kí ó máa bá Linux rẹ́.

Orúkọ mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn: ThinkPad ti Lenovo, Latitude ti Dell, àti EliteBook ti HP. Kẹ́ ẹ má ṣe ṣi Lenovo IdeaPad mú fún ThinkPad, tàbí Dell Inspiron fún Latitude, tàbí HP lásán fún EliteBook. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn.

Láti mọ bí ẹ̀rọ ṣe dàgbà tó, ẹ wo nọ́ńbà ọpọlọ rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ i5-4300U, ìran kẹrin ni, nítorí pé 4 ló tẹ̀lé àmì tó wà láàárín. i5-6300U jẹ́ ìran kẹfà, i5-8350U sì jẹ́ ìran kẹjọ. Bí i5-10210U bá ni, ìran kẹwàá ni. Ìran kẹrin jáde ní nǹkan bí ọdún 2013, ìkẹfà ní nǹkan bí ọdún 2015, ìkẹjọ sì jáde ní nǹkan bí ọdún 2017.

Orúkọ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀. Nínú ThinkPad, T440 jẹ́ ìran kẹrin, T450 ìran karùn-ún, T460 ìran kẹfà, T480 sì jẹ́ ìran kẹjọ. Nínú EliteBook 840, G1 jẹ́ ìran kẹrin, G2 ìkarùn-ún, G3 ìkẹfà, G4 ìkeje, G5 sì jẹ́ ìkẹjọ. Nínú Latitude, E7440 jẹ́ ìran kẹrin, E7450 ìkarùn-ún, E7470 ìkẹfà, 7490 sì jẹ́ ìkẹjọ. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ̀wé, tó ń wo fídíò ẹ̀kọ́, tó sì ń lo íntánẹ́ẹ̀tì, ìran kẹrin tàbí ìkarùn-ún ṣì tó pẹ̀lú Linux. Bí owó bá gbè é, ìran kẹfà sókè ni kó rà. Ìran kẹjọ dára fún ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà tàbí tó ń gé fídíò, nítorí pé láti ibẹ̀ ni ọpọlọ mẹ́rin ti wọ inú irú láptọ́ọ̀pù fẹ́lẹ́ báyìí. Méjì péré ló wà nínú ọ̀pọ̀ èyí tó ṣáájú.

Ẹ máa rántí pé ẹ̀rọ tí kò bá lè lo ètò 64-bit kò wúlò mọ́. Ubuntu, Mint àti Debian ni wọ́n ti dáwọ́ ti 32-bit dúró. Debian ló gbẹ̀yìn nínú wọn lọ́dún 2025.

RAM àti ibi ìkóǹkanpamọ́

RAM dà bí tábìlì tí èèyàn tẹ́ iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Bí tábìlì bá kéré, iṣẹ́ á máa ṣubú. Linux Mint sọ pé 2 GB ni kò gbọdọ̀ dín sí, pé 4 GB ló tuni lára. Ubuntu 24.04 ní tirẹ̀ béèrè 4 GB. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ RAM jù lóde òní ni ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà 8 GB ló yẹ kẹ́ ẹ fojú sí. Bí owó kò bá tó, ẹ ra ẹ̀rọ tó ní 4 GB, àmọ́ kó jẹ́ èyí tó ní àyè tí wọ́n lè ki òmíràn bọ̀ tó bá yá.

Ibi ìkóǹkanpamọ́ ló máa ń mú ẹ̀rọ yá tàbí kó mú un falẹ̀. Hard disk àtijọ́ ní àwo tó ń yí nínú. Bí ẹ̀rọ bá já bọ́, àwo náà lè bàjẹ́. SSD kò ní ohunkóhun tó ń yí, ó sì yára jù ú lọ lọ́nà tí ojú lásán lè rí. Láptọ́ọ̀pù ìran kẹrin tó ní SSD máa ń tan kíá ju ti ìran kẹfà tó ní hard disk lọ. Bí ẹ bá rí ẹ̀rọ tó dára àmọ́ tó ní hard disk, ẹ bẹ ọlọ́jà kó bá yín fi SSD rọ́pò rẹ̀, kẹ́ ẹ sì dúnàá-dúrà lórí iye méjèèjì pọ̀. 128 GB tó fún Linux. 256 GB ló fúnni láyè.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà. Wọn a rí láptọ́ọ̀pù tuntun nínú páálí, owó rẹ̀ kò jìnnà sí ti tòkunbọ̀, wọn a sì rò pé tuntun ló sàn. Ọ̀pọ̀ irú tuntun olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀ ló ní ọpọlọ Celeron, RAM 4 GB tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara pátákó inú rẹ̀ tí kò ṣeé fi kún, àti ibi ìkóǹkanpamọ́ 64 GB tí wọ́n ń pè ní eMMC, èyí tí òun náà kò ṣeé yọ. Bó bá falẹ̀ lónìí, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa falẹ̀ títí. ThinkPad tòkunbọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́jọ lè gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ohun tó máa ń bá Linux jà

Ọ̀pọ̀ nǹkan tó wà lára láptọ́ọ̀pù ni Linux máa ń dá mọ̀ fúnra rẹ̀. Díẹ̀ ni kì í dá mọ̀, ó sì yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ wọ́n.

Èkínní ni Wi-Fi. Èyí tí Intel ṣe ló rọrùn jù. Èyí tó jẹ́ ti Broadcom sábà máa ń béèrè ètò àfikún kí ó tó ṣiṣẹ́, ìyẹn sì di ìṣòro nígbà tó jẹ́ pé íntánẹ́ẹ̀tì gan-an la fẹ́ fi wá ètò náà. Ọ̀nà àbáyọ wà: ẹ fi okùn USB so fóònù Android mọ́ láptọ́ọ̀pù, kẹ́ ẹ tan USB tethering lórí fóònù náà. Dátà fóònù á wọ inú kọ̀ǹpútà, a ó sì fi gba ohun tó kù. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé pé ẹ óò pààrọ̀ káàdì Wi-Fi tó bá yá, nítorí pé àwọn ThinkPad àti HP àtijọ́ kan wà tí kì í gba káàdì tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ tiwọn.

Èkejì ni ẹ̀yà tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà. Ti Intel tó wà nínú ọpọlọ ẹ̀rọ kì í ní wàhálà, bẹ́ẹ̀ ni ti AMD. Ti NVIDIA ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó máa ń fẹ́ ètò àfikún, ó sì ń jẹ bátìrì. Ẹni tí kì í ṣe eré orí kọ̀ǹpútà tàbí àwòrán ńlá kò nílò rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìka. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ lórí Linux. Kò yẹ kó dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ ṣáà má sanwó nítorí rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ìtẹ̀wé. HP ni ètò tirẹ̀ fún Linux, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ ló sì ń ṣiṣẹ́ láìsí ariwo. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún àwọn oníbàárà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán ìtẹ̀wé rẹ̀ wò.

Bátìrì àti ọ̀rọ̀ iná

Kò sí ará Àkókó tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún pé iná kì í dúró. Nítorí náà, bátìrì ṣe pàtàkì bí ọpọlọ ẹ̀rọ. Agbára bátìrì ni wọ́n ń fi Wh kà. Bí bátìrì bá jẹ́ 48 Wh nígbà tó wà ní tuntun, tí ẹ̀rọ sì ń jẹ wáàtì 12 bí a ṣe ń tẹ̀wé, wákàtí mẹ́rin ni yóò lò. Bí bátìrì náà bá ti gbó dé ìlàjì, 24 Wh ló kù, wákàtí méjì péré ni.

Linux ń sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá ṣí ojú ìwé tí à ń kọ àṣẹ sí, tí ẹ tẹ upower -d, yóò gbé nọ́ńbà méjì jáde: energy-full-design, ìyẹn agbára bátìrì nígbà tó wà ní tuntun, àti energy-full, ìyẹn èyí tó lè gbà báyìí. Bí èkejì kò bá tó ìdajì èkínní, owó bátìrì tuntun ti wọ inú ọjà náà nìyẹn, ẹ sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ nínú iye tí ẹ fẹ́ san.

ThinkPad T440, T450, T460, T470 àti T480 ní ànfààní kan tó bá àwọn ará ibí mu. Bátìrì méjì ni wọ́n ní, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn. Èyí tó wà lẹ́yìn ṣeé yọ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kí a sì ki òmíràn tó ti kún bọ̀ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní bátìrì ẹ̀yìn méjì lè kàwé mọ́jú láìtan jẹnẹrétọ̀. T480 ní tirẹ̀ ń gba iná láti ihò USB-C. Ẹ rí i dájú pé ihò náà ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ibẹ̀ nìkan ló ń gbà á. Ṣájà wáàtì 45 tàbí 65 ni ọ̀pọ̀ àwọn ẹ̀rọ yìí ń lò, sólà kékeré ilé lè gbé e pẹ̀lú gílóòbù.

Ìdánwò níwájú ọlọ́jà

Ẹ má ṣe ra láptọ́ọ̀pù tí ẹ kò tíì fi Linux dánwò. Ànfààní ńlá tí Linux ní ni pé ó lè ṣiṣẹ́ láti orí fláàṣì, láì fọwọ́ kan ohun tó wà nínú ẹ̀rọ. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ wá fláàṣì 8 GB, kẹ́ ẹ gba Linux Mint láti íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò ju bíi 3 GB lọ, kẹ́ ẹ sì fi ètò Rufus tàbí balenaEtcher gbé e sórí fláàṣì náà. Ubuntu tóbi jù ú lọ, ẹ̀dà 24.04 tó nǹkan bí 6 GB, nítorí náà ẹni tó ń ṣọ́ dátà lè fi Mint bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́jà, yálà ní Ìkàrẹ́, ní Àkúrẹ́ tàbí ní ọjà kọ̀ǹpútà ńlá tó wà n'Ìkẹjà, ohun tí ẹ óò ṣe nìyí:

1. Ẹ tan ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ wọ ibi ìṣètò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní BIOS. F1 ni fún ThinkPad, F2 fún Dell, F10 fún HP. Bó bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ọlọ́jà kò mọ̀, ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ilé iṣẹ́ tó lò ó ló tì í pa, ṣíṣí rẹ̀ sì le.

2. Ẹ ki fláàṣì bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ tún un tàn, kẹ́ ẹ tẹ F12 lórí ThinkPad tàbí Dell, F9 lórí HP, kẹ́ ẹ sì yan fláàṣì náà.

3. Nígbà tí Mint bá ṣí, ẹ tan íntánẹ́ẹ̀tì fóònù yín, kẹ́ ẹ so ẹ̀rọ mọ́ ọn. Ẹ wo fídíò kan, kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ tan kámẹ́rà.

4. Ẹ ṣí ibi ìkọ̀wé, kẹ́ ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnì kíbọọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ki fláàṣì bọ gbogbo ihò USB.

5. Ẹ pa ìdérí rẹ̀ dé fún ìṣẹ́jú méjì, kẹ́ ẹ tún un ṣí. Ẹ̀rọ tí kò bá jí padà lẹ́yìn oorun yóò máa da ọmọ láàmú.

6. Ẹ wo iye RAM àti ọpọlọ rẹ̀ lójú ètò náà, kì í ṣe lójú páálí tí ọlọ́jà kọ. Ẹ ṣí ètò tí wọ́n ń pè ní Disks, kẹ́ ẹ wo ìlera ibi ìkóǹkanpamọ́ níbi tí wọ́n kọ SMART sí.

7. Ẹ yọ ṣájà, kẹ́ ẹ jẹ́ kó fi bátìrì ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ sì tẹ upower -d.

8. Ẹ gba ìwé ìsanwó tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ náà wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà. Èyí ń dáàbò bo ẹni tó rà á bó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹ̀rọ olè ni. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ti ọdún 2018, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó péye, àmọ́ ìwé lẹ̀rí.

Ọlọ́jà tó bá mọ ohun tó ń tà kò ní bínú sí irú àyẹ̀wò yìí. Èyí tó bá kọ̀ jálẹ̀ pé kẹ́ ẹ má dán an wò ti dáhùn ìbéèrè yín.

Ohun tí Linux kò lè ṣe

Kò yẹ ká fi òtítọ́ pamọ́. Microsoft Office tí wọ́n ń gbé sórí ẹ̀rọ, CorelDRAW, Photoshop àti AutoCAD kò ní ẹ̀dà fún Linux. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ àwòrán ilé tàbí tó ń ṣe káàdì ìgbéyàwó pẹ̀lú CorelDRAW gbọ́dọ̀ ronú dáadáa. Àwọn arọ́pò wà: LibreOffice fún ìwé kíkọ àti ìṣirò, GIMP fún fọ́tò, Inkscape fún àwòrán, PSPP fún irú ìṣirò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi SPSS ṣe. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn.

LibreOffice ń ṣí ìwé tí wọ́n fi Word kọ, ṣùgbọ́n ìlà àti tábìlì lè yẹ̀ díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí olùkọ́ rẹ̀ lè sọ ọ́ di PDF kó má bàa yí padà. Ẹni tí kò lè ṣe kó má lo Windows lè jẹ́ kí méjèèjì jọ wà lórí ẹ̀rọ kan, kó máa yan èyí tó fẹ́ bó bá ti tan án. Àmọ́ kó ní SSD tó tó 256 GB, kó sì kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé rẹ̀ sí ibòmíràn.

Fún ẹni tó ń kọ Yorùbá

Ànfààní kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Linux ní ètò kíbọọ̀dù Yorùbá nínú, lábẹ́ orúkọ Nàìjíríà, pẹ̀lú ti Haúsá àti ti Ígbò. Kò sí ohun tí a ó rà. Ẹ wọ ibi ìṣètò kíbọọ̀dù, kẹ́ ẹ yan Nàìjíríà, kẹ́ ẹ yan Yorùbá, ẹ ó sì rí ẹ, ọ àti ṣ tẹ̀. Olùkọ́ èdè, akọ̀wé ìlú tó ń kọ ìtàn ìran rẹ̀, àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ lórí ẹ̀ka èdè Àkókó lè fi kọ ohun tó fẹ́ pẹ̀lú àmì tó péye. Nílùú bí Àrìgìdì tó ní èdè tirẹ̀ yàtọ̀ sí Yorùbá gbogbogbòò, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn

Ní ṣókí, ẹni tó bá fẹ́ láptọ́ọ̀pù olówó pọ́ọ́kú fún Linux, kó wá ThinkPad, Latitude tàbí EliteBook, ìran kẹrin sókè, kí RAM rẹ̀ tó 8 GB tàbí kó ṣeé fi kún dé ibẹ̀, kó ní SSD, kó ní Wi-Fi àti àwòrán ti Intel, kó má ní ọ̀rọ̀ aṣínà nínú BIOS, kí bátìrì rẹ̀ sì kọjá ìdajì. Kó béèrè iye rẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́jà mẹ́ta ó kéré tán, nítorí pé iye náírà ń yí lójoojúmọ́.

Òbí tí kò mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ tijú láti mú ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ lọ sọ́jà. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dọ́ tó gbọ́n kò gbọdọ̀ wà ládùúgbò kí owó àgbàlagbà ṣòfò. Fláàṣì 8 GB kan àti wákàtí kan ni ìdánwò náà ń gbà.